Ojú Ìṣó Ni Kí O Máa Tẹ̀

Ẹ̀rù atẹ́gùn máa ń bà mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lè ṣe é tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo máa ń bá oníkẹ̀kẹ́ Márúwá fa ọ̀rọ̀ títí yóò fi já mi sí ẹnu ọ̀nà ilé gan-an, èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ẹnu mi mú bí abẹ, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú lápá ọ̀sà báyìí, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wá ibi sá wọ̀. Aṣọ ni mò ń rán. Bí atẹ́gùn bá ti ń bọ̀, ọwọ́ mi kì í lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́.

Ilé wa ní Bàrígà kò jìnnà sí omi. Ẹ̀yìnkùlé wa kọjú sí ọ̀sà, atẹ́gùn tó bá sì ti orí omi wá kò rí ohun tí yóò dá a dúró kó tó kàn wá. Bí òjò bá ti ń ṣú, wàá rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń gbé nǹkan lé orí páànù: ẹni tó ní táyà á gbé táyà, ẹni tó ní búlọ́ọ̀kù á gbé búlọ́ọ̀kù. Bàbá mi kì í gbé nǹkan kan. Á jókòó sí iwájú ilé, á máa wò wọ́n, á ní, “Táyà kì í di òrùlé mú. Ọ̀lẹ ni táyà ń gbè lẹ́yìn.”

Káfíńtà ni bàbá mi. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan òrùlé tí à ń gbé abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣómólú, ògiri kan ló wà láàárín òun àti àwọn tó ń tẹ ìwé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké lápá kan, òòlù tirẹ̀ ń dún lápá kejì, wọ́n bá gba etí ọ̀tún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Etí òsì ló kù, òun náà sì ń ṣe ségesège. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní láti lọ dúró sí ọwọ́ òsì, kó sì la ẹnu dáadáa.

Kì í kan ìṣó lásán sí páànù. Á ní orí ìṣó kéré, pé bí atẹ́gùn bá fa páànù gidi, páànù á gba orí ìṣó kọjá, ìṣó nìkan ni yóò kù lára igi. Ìdérí ìgò ló máa ń fi sí abẹ́ orí ìṣó. Á lù ú títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, á gé rọ́bà sílípáàsì tó ti já, á fi sí abẹ́ ìdérí náà kí omi má bàa wọlé. Nítorí ìdérí yìí, ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é lẹ́jọ́, torí pé ẹnu ọ̀nà ilé ọtí ni wọ́n ti ń rí i tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣa nǹkan lọ́sàn-án gangan. Ó kó wọn sínú agolo ńlá kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ kan àkàbà: “Ojú ìṣó ni kí o máa tẹ̀. Ibi tí ìṣó bá tò sí, igi wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí kò bá sí ìṣó, afẹ́fẹ́ lo tẹ̀ yẹn.” Mo gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń sọ ọ́ lójú oorun nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ní ọdún tó kọjá, atẹ́gùn kan ká òrùlé ìyá ẹlẹ́ja tó wà ní ojúlé kejì sí wa. Kì í ṣe páànù kan tàbí méjì o. Gbogbo rẹ̀ ló ṣí bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, ó fò lọ bá wáyà iná, ó já a. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, ìyá náà dúró láàárín yàrá rẹ̀ nínú òjò, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo òkè. Kò sunkún. Ó kàn ń wo òkè ni. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú mi, nítorí òrùlé tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lápá ẹ̀yìn. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ díẹ̀, gbà-gbà-gbà, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò sì dárúkọ.

Mo sọ fún bàbá mi. Ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Báwo ni yóò ṣe gbọ́? Mo ní ká pe káfíńtà kan kó wá wò ó, nítorí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó gun òkè mọ́. Ó yí ojú sí mi díẹ̀díẹ̀. “Òrùlé tí èmi fọwọ́ mi kàn? Ọjọ́ tí káfíńtà mìíràn bá kan ìṣó sí òrùlé mi, kí ẹ máa gbé mi lọ sí ibojì lọ́jọ́ náà.” Ìwọ̀sí ni láàárín àwọn káfíńtà. Káfíńtà kì í fọwọ́ kan òrùlé káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé olúwa rẹ̀ ti kú, tàbí pé òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́. Mo sì mọ ìbínú bàbá mi. Kì í lu èèyàn. Ó máa ń dákẹ́ ni, ó lè dákẹ́ fún oṣù kan, wàá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, yóò jẹ ẹ́ bí ẹni pé ilẹ̀ ló hù ú jáde. Mo lè bá gbogbo Bàrígà jà, ṣùgbọ́n n kò lè fara da ìdákẹ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní Ọ̀yọ́, ó sì lọ sìnkú fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ kejì tó lọ ni mo pe káfíńtà kan láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ti ní ìyàwó àtọmọ. Ó gun òkè, ó rìn síwá sẹ́yìn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀.

“Àǹtí, iṣẹ́ gidi nìyí o. Ẹni tó kàn án mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ikán ti jẹ igi kan lápá ẹ̀yìn. Ó ti jẹ inú rẹ̀ tán, èèpo ló kù. Àwọn ìṣó yẹn kò rí nǹkan dìmú mọ́.”

“Kí la máa ṣe?”

“Ká ṣí páànù, ká gbé igi tuntun sí i. Ọ̀sẹ̀ kan, ó pẹ́ tán.”

Ọ̀sẹ̀ kan, igi tuntun, páànù tí wọ́n ṣí tí wọ́n tún dé: bàbá mi á rí i láti ẹnu títì. Mo ní kó ṣe ohun tó lè ṣe tí ojú kò fi ní rí i. Ó ronú díẹ̀, ó gba inú àjà wọlé, ó ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ikán jẹ, ó sì padà gun òkè láti kan páànù mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi títí dòní. Mo wọ yàrá bàbá mi, mo fa agolo ìdérí yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e fún káfíńtà náà. “Èyí ni kẹ́ ẹ lò. Mi ò fẹ́ kó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.”

Ó wò mí. “Àǹtí, ta ni à ń sá fún?”

Mo ní kó máa kan ìṣó tirẹ̀. Nígbà tó parí, ó fi ọ̀dà dí ojú ihò àtijọ́, ó sì to ìṣó tuntun gún régé bí bàbá mi ṣe máa ń tò ó, ìdérí ìdérí, rọ́bà rọ́bà. Kó tó lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Igi yẹn á di páànù mú o, mà. Atẹ́gùn kankan ò ní ká a. Àmọ́ kì í ṣe igi tí èèyàn ń tẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má gun ẹ̀yìn yẹn o.”

Mo ní kò sẹ́ni tó máa gùn ún. N kò tilẹ̀ béèrè pé ìlà wo ni nínú gbogbo ìlà ìṣó tó wà lẹ́yìn. Bàbá mi dé láti Ọ̀yọ́, atẹ́gùn fẹ́, òrùlé kò dún. Èmi náà ni mo lọ bẹnu sí etí òsì rẹ̀, mo ní òrùlé ti dákẹ́. Inú rẹ̀ dùn. “Ṣé o rí i? Mo ní kò sí nǹkan kan.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní ẹran méjì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ẹni tó ń san gbèsè.

Ní ọdún yìí, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo ń rán yúnífọ́ọ̀mù níwájú ilé, bàbá mi sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Òkùnkùn kan ti apá ọ̀sà dìde. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Mo ti ń ká aṣọ nílẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ: páànù kan ní ògóńgó òrùlé, lápá iwájú, ti ṣí ẹnu, ó ń pa á dé, ó ń ṣí i. Èyí wá dún tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá mi pàápàá gbọ́. Ó dìde. Ó wọlé, ó mú òòlù rẹ̀ jáde, ó di ìṣó mọ́ ìdí.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ n pe ẹnìkan.”

“Pe ta?”

“Ẹnikẹ́ni. Orúnkún yín ńkọ́?”

“Àkàbà ni kó o bá mi dì mú, má dá mi lóhùn.”

Mo dì í mú. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi: ẹ má dé ẹ̀yìn o. Ṣùgbọ́n yóò béèrè pé kí ló wà lẹ́yìn. Mo gbé e mì. Mo sọ fún ara mi pé iwájú ni páànù tó ṣí wà, pé kò ní nǹkan tó máa wá lọ ẹ̀yìn. Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń gbé e láti ìlà ìṣó kan dé òmíràn, kò ṣì í rárá, ó rọrùn lójú bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Ó dé ògóńgó, ó jókòó gùn ún bí ẹni gun ẹṣin, ó kan ìṣó mẹ́rin. Páànù dákẹ́. Mo mí.

Nígbà náà ni atẹ́gùn kan rọ́ wá láti orí omi. Mo rí i tó yíjú sẹ́yìn, tó nà ọrùn wo nǹkan kan tí n kò lè rí. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sọdá. Mo pariwo, “Bàbá! Bàbá, ó tó!” Orí rẹ̀ wọlẹ̀ lẹ́yìn ògóńgó, n kò rí i mọ́.

N kò mọ bí mo ṣe gba ọ̀nà àárín ilé kọjá. Ẹsẹ̀ mi gbá garawa ẹnìkan dànù. Ní ẹ̀yìnkùlé, a ní ìdúró kọnkéré kan tí táǹkì omi wà lórí rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga dé etí òrùlé. Èmi tí n kò gun àga rí láti ṣe gílóòbù iná ni mo gun nǹkan yẹn. Nígbà tí mo fi ojú kan bàbá mi, atẹ́gùn ti gbá a ṣubú sórí páànù. Ó ti fi ìdí yọ̀ láti ògóńgó wá sí àárín òrùlé, ó nà gbalaja, gìgísẹ̀ rẹ̀ kọ́ ara ìdérí ìṣó kan. Kò pariwo. Ó ń gbìyànjú àtijókòó, ó sì ń wo ìlà ìṣó tó kàn nísàlẹ̀, láti tẹ̀ ẹ́.

Mo ké títí ohùn mi fi há. Kò gbọ́. Mo bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ mi, mo jù ú lu bàbá mi.

Ó bà á ní èjìká. Ó yíjú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọmọ rẹ̀ ju bàtà lù ú! Mo fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó yí etí òsì sí mi. Mo wá pariwo ohun tí mo fi pamọ́ láti ọdún kan, gbogbo ẹ̀yìnkùlé gbọ́, ìyá ẹlẹ́ja gbọ́.

“Ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ikán ti jẹ igi kan níbẹ̀! Mo pe káfíńtà! Ìṣó tó wà níbẹ̀, kì í ṣe tiyín!”

Ó wo ìdérí tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó fọwọ́ kàn án.

“Èwo ni?”

“Mi ò mọ̀.”

“Èwo ni, mo ní?”

“Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n!”

Ó sùn padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó na apá méjèèjì kí ìwúwo rẹ̀ lè fọ́nká. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ẹ̀rù lójú bàbá mi, n kò sì fẹ́ rí i mọ́ láyé. Kò lè padà sókè, páànù ń yọ̀, atẹ́gùn sì ń tì í. Ìlà ìṣó méjì ló kù nísàlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bó bá tẹ èyí tí kò ní igi gidi, inú yàrá ni yóò bọ́ sí, lórí kọnkéré, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ó yọ òòlù rẹ̀. Ó ké sí mi, “Igi gidi á dún kú. Èyí tí kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀ á dún gbàn-ùn. Etí mi ò lè gbé e. Ìwọ ni kó o gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ igi, na ọwọ́ kan sókè.”

Ẹ̀kán òjò bà mí ní iwájú orí. Mo mọ̀ pé bó bá fi lè rọ̀, gbogbo páànù Bàrígà á máa hó, n kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Bàbá mi na òòlù sí ìlà àkọ́kọ́, ó kàn án. Atẹ́gùn gbé ìró rẹ̀ lọ. Mo mi orí. Ó tún kàn án. Mo di ojú mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta: pọ́, kúkúrú, ó kú. Mo na ọwọ́ kan. Ó wò mí, ó ń wádìí ojú mi bóyá ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú, kò sì dá mi lójú. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó dúró.

Ó kan ìlà kejì. Gbàn-ùn. Kò sí àníàní nínú ìyẹn. Mo ju ọwọ́ méjèèjì, mo ń pariwo, “Rárá, rárá, rárá!” Ó ní láti na ẹsẹ̀ sọdá rẹ̀ kó tó kan etí òrùlé, ibi tí igi ti fara hàn síta tí a jọ ń fojú rí. Orúnkún tó ń dùn ún. Ó nà án, kò dé. Ó yọ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbọ́ tí páànù kérora lábẹ́ rẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn sì ń han kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Mo di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo fà á. N kò mọ̀ bóyá mo ṣe é léṣe. Ó bọ́ sórí mi, àwa méjèèjì ṣubú lu táǹkì, òjò sì ya.

Páànù tí bàbá mi rí lẹ́yìn ògóńgó, tó ń lọ kàn, fò lọ kí a tó wọlé. Apá ibi tí káfíńtà jẹ́jẹ́ yẹn kàn kò mì.

Mo gbé bàsíà sí àárín pálọ̀ níbi tí òjò ti ń dà. Bàbá mi pa aṣọ dà, ó fi ìbora bo èjìká, ó jókòó. Mo kúnlẹ̀ sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Mo ń retí ìdákẹ́ rẹ̀, mo tilẹ̀ ti gbà á tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀.

“Ẹni tó kàn án, ṣé ó kìlọ̀ fún ẹ?”

“Ó kìlọ̀, sà.”

“Nígbà tí mo ní kó o wá di àkàbà mú, ṣé o rántí?”

Mo fẹ́ purọ́. “Mo rántí, sà.”

“O sì dì í mú fún mi.”

“Ẹ̀rù yín ló bà mí, Bàbá.”

Ó yí gbogbo ojú rẹ̀ sí mi, kì í ṣe etí nìkan. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó ní, “Kí ni mo wá dà nínú ilé yìí, tí ọmọ mi fi ń bẹ̀rù ìbínú mi ju ikú mi lọ?”

Bàsíà ti kún. Mo dìde, mo lọ dà á nù, mo sì gbé e padà sí abẹ́ ibi tó ń jò.